Ohun tí ojú mi rí lọ́dọ̀ igi elder

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń bọ̀ wá kọ́ṣẹ́ ọgbà nílùú ọba, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Oṣù kẹsàn-án ọdún tí mo débí, mo rí èso dúdú wẹ́wẹ́ kan tó ṣù jọ lórí igi lẹ́yìn ilé irinṣẹ́ wa. Mo já ṣírí kan, mo ń jù ú sẹ́nu bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, mo ń bì, mo sì ń yàgbẹ́ gbuuru. Ọ̀gá mi, bàbá arúgbó kan ará Lincolnshire, kò tilẹ̀ bá mi kẹ́dùn. Ohun tó bi mí ni pé, “Ṣé o sè é ni?”

Elder ni wọ́n ń pe igi náà. Ẹ̀gẹ́ ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yé mi. Nínú ewé rẹ̀, èèpo rẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ àti èso tí kò tíì pọ́n, èròjà kan wà tó máa ń di sáyánáìdì, májèlé kan náà tó ń bẹ nínú ẹ̀gẹ́ kíkorò. Èyí tó pọ́n pàápàá lè da inú rú bí a kò bá sè é. Nílé wa, ta ní jẹ́ kó ẹ̀gẹ́ kíkorò sẹ́nu ní tútù? A ó rin ín, a ó fún un, a ó yan án kó tó di gàárì. Ti elder, iná ló ń bá a wí. Ní California lọ́dún 1983, àwọn kan fún èso ẹ̀yà elder ibẹ̀ pọ̀ mọ́ ewé àti ẹ̀ka rẹ̀, wọ́n sì mu omi rẹ̀ láìsè é. Èèyàn 11 ló ṣàìsàn. Hẹlikópítà ni wọ́n fi gbé 8 nínú wọn lọ sílé ìwòsàn. Ní báyìí, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé igi kan dára, mo máa ń bi í pé: èwo nínú ara rẹ̀, nígbà wo, báwo ni wọ́n sì ṣe ṣe é?

Bí mo ṣe ń ṣe é rèé. Màá di ìdí ṣírí mú lókè abọ́, màá fi fọ́ọ̀kì ya èso náà bí ẹni ń fi òòyà ya irun. Àwọ̀ àlùkò á gba gbogbo ìka mi. Màá bu omi sí i, màá da àwọn tó bá léfòó nù, torí àwọn tí kò pọ́n ló pọ̀ jù nínú wọn. Ìyókù á hó dáadáa lórí iná kí n tó sẹ́ ẹ, kí n tó fi ṣúgà sí i. Aró inú rẹ̀ lágbára: ní ilẹ̀ Potogí láwọn ọdún 1750, wọ́n ń fi pa wáìnì láró, títí Marquês de Pombal, olórí àwọn mínísítà ọba ibẹ̀, fi pàṣẹ pé kí wọ́n hú igi elder lágbègbè odò Douro.

Òdòdó rẹ̀ nínú oṣù kẹfà, ohun mímu ni. Bó bá ń kan bí ẹmu, ẹ má dé ìgò rẹ̀ pa o.

Igi rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ gé ẹ̀ka tí kò tíì gbó, àárín rẹ̀ rí bí fóòmù funfun. Ẹ fi wáyà tì í jáde, ihò ló kù. Òun ni àwọn ọmọdé ibí fi ń ṣe fèrè látijọ́, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ka tútù kì í ṣe ohun à ń fi sẹ́nu. Olùkọ́ wa la fóòmù náà sí méjì, ó há ewé sáàárín, ó fi abẹ bẹ ẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ títí ìmọ́lẹ̀ fi ń gba inú ewé náà kọjá lábẹ́ maikirosíkópù. Àwọn tó ń tún aago ṣe náà máa ń fi irinṣẹ́ wọn gún un kó lè mọ́.

Ọ̀gá mi kì í gé elder láìtọrọ. Ní Lincolnshire, àwọn àgbà gbà pé arúgbó obìnrin kan ń gbé inú rẹ̀. Wọ́n á bẹ̀ ẹ́ pé kó fún àwọn nínú igi rẹ̀, àwọn náà á fún un nínú tàwọn lọ́jọ́ tí àwọn bá di igi. Hyldemoer làwọn ará Denmark ń pe tiwọn. Mo kọ́kọ́ fẹ́ rẹ́rìn-ín, àfi bí mo ṣe rántí Olúrónbí àti Ìrókò, ẹnu mi sì pa dé. Màmá mi àgbà tó ta ewé n'Íbàdàn kì í já ewé láìkí i. Ti Júdásì tí wọ́n ní orí elder ló pokùnso sí ni mi ò gbà. Ẹ̀ka tí kò lè gbé ewúrẹ́!

Lóṣù kejì tó kọjá, ọ̀gá mi rán mi lọ gé èyí tó wà lẹ́yìn ilé irinṣẹ́. Mo dúró tì í, mo ní “àgò o, ìyá” lábẹ́lẹ̀. Bàbá bi mí pé kí ni mo wí. Mo ní mo ń kí i ni. Ó ní kí n gbóhùn sókè díẹ̀, etí arúgbó náà ti di.