Inú kì í ṣe ohun kan ṣoṣo: ẹ fi ìka kan tọ́ka síbi tó ń dùn yín

"Inú ń run mí." Gbólóhùn yìí ni aláìsàn máa ń kọ́kọ́ sọ, ì báà jẹ́ ní Adó, ní Ìkẹ́rẹ́ tàbí ní Ìjerò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé "unú" làwọn àgbà wa yóò pè é. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé kò tíì sọ nǹkan kan fún ẹni tó fẹ́ tọ́jú rẹ̀. Ẹ̀yà ara tó wà lẹ́yìn awọ ikùn lé ní mẹ́wàá, iṣẹ́ wọn ò dọ́gba, ìrora wọn ò sì jọra. Ìka kan ni kí ẹ fi tọ́ka, kì í ṣe àtẹ́lẹwọ́ tí ẹ fi ń ra gbogbo ikùn. Kí ẹ lè mọ ohun tí ìka náà ń tọ́ka sí, ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé òkèlè iyán kan.

Itọ́ ẹnu ló máa ń kọ́kọ́ sọ sítáàṣì inú iṣu di ṣúgà, ṣùgbọ́n gbígbé là ń gbé iyán mì, a kì í rún un. Ìyẹn ò burú, ìfun yóò parí iṣẹ́ náà. Ọ̀fun ni ewu wà. Ọ̀nà méjì ló pàdé níbẹ̀, ti oúnjẹ lẹ́yìn, ti èémí níwájú, awẹ́ kékeré kan sì ń bo ti èémí bí ọmọrí nígbà tí a bá ń gbé nǹkan mì. Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín tòun tòkèlè lẹ́nu, òkèlè lè bá ọ̀nà èémí lọ. Bó bá ṣì ń wúkọ́ dáadáa, ẹ jẹ́ kó máa wú u. Bí kò bá lè sọ̀rọ̀ tàbí kó wúkọ́ mọ́, ẹ má fún un lómi. Ẹ tẹ̀ ẹ́ síwájú, ẹ fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ gbá a láàárín eegun èjìká méjèèjì lẹ́ẹ̀marùn-ún. Bí kò bá jáde, ẹ dúró sẹ́yìn rẹ̀, ẹ gbé ìkúùkù lé òkè ìdodo rẹ̀ díẹ̀, ẹ fi ọwọ́ kejì dì í mú, kí ẹ fà á sínú àti sókè lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ẹ máa pààrọ̀ méjèèjì títí yóò fi jáde. Aboyún, àyà ni kí ẹ ti fà á. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, ẹ má tẹ ikùn rẹ̀ rárá.

Láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 10, òkèlè ti dé àpòlúkù, lápá òsì lókè, lábẹ́ egungun ìhà. Ó lè gba lítà kan sí lítà kan àbọ̀. Omi kíkan tó wà nínú rẹ̀ le gan-an. Ohun tó ń gba àpòlúkù fúnra rẹ̀ lọ́wọ́ omi yìí ni omi yíyọ̀ kan tó ń fà bí ọbẹ̀ ilá, tó tẹ́ gbogbo inú rẹ̀. Níbi tí omi yíyọ̀ náà bá ti fẹ́lẹ́ ni ọgbẹ́ inú, tí a ń pè ní ọ́sà, ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ebi àti ata là ń dá lẹ́bi fún un. Àmọ́ ní 1982, Barry Marshall àti Robin Warren, àwọn dókítà ará Australia, rí kòkòrò kan tó ń gbé inú àpòlúkù, Helicobacter pylori. Òun ló ń fa ọ̀pọ̀ ọgbẹ́ inú, wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 2005. Nítorí náà, ẹ lọ ṣàyẹ̀wò. Oògùn tó ń pa kòkòrò nínú ara (antibiotic) ló ń lé e lọ, kì í ṣe oògùn ẹfun (antacid) tí ẹ ń jẹ lójoojúmọ́. Ohun kejì tó ń fà á ni oògùn ara ríro: ibuprofen, diclofenac, aspirin. Wọ́n máa ń dá ohun tó ń pèsè omi yíyọ̀ yẹn dúró. Ẹni tó kọ ebè láti àárọ̀, tó wá ń gbé e mì lálaalẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ikùn rẹ̀ ló ń jẹ. Bí ìgbẹ́ bá dúdú bí ọ̀dà, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an ni.

Ẹni tó bá jẹ iyán alẹ́ kó fi nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta sílẹ̀ kó tó dùbúlẹ̀, kí omi kíkan má bàa gòkè wá ta á láyà. Ṣùgbọ́n bí àyà bá fún pinpin, tó mú apá òsì tàbí àgbọ̀n, tí òógùn tútù sì ń bọ̀, ọkàn ló lè jẹ́. Ẹ má dúró wò ó.

Apá ọ̀tún lókè ni ẹ̀dọ̀, tó wúwo tó kílò kan àbọ̀. Òun ló ń ṣe òróòro tó ń tú epo inú ẹ̀fọ́ rírò. Àpò kékeré kan tó lẹ̀ mọ́ ọn lábẹ́ ló ń tọ́jú rẹ̀. Bí òkúta bá dí àpò yìí, ìrora á dé lẹ́yìn oúnjẹ olóròóró, á sì máa lọ sí èjìká ọ̀tún. Ẹ̀dọ̀ ní tirẹ̀ kì í tètè pariwo. Ẹyinjú tó ní àwọ̀ ìyeyè àti ìtọ̀ tó dúdú bí ọtí kóòkì lẹ máa rí, nígbà míì ó sì ti pẹ́ nìyẹn. Àjẹsára wà fún àrùn ẹ̀dọ̀ kan tó ń jẹ́ hẹpatáítísì B, ẹ gbà á.

Ìfun kékeré gùn tó mítà mẹ́fà, níbẹ̀ ni oúnjẹ ti ń wọ ẹ̀jẹ̀. Ìfun ńlá, mítà kan àbọ̀, omi ló ń fà jáde. Bí omi àti ẹ̀fọ́ bá kéré, ìgbẹ́ á le, ẹni náà á máa rin, iṣan ìdí á sì wú: jẹ̀dí nìyẹn. Ṣúgà kọ́ ló fà á.

Níbi tí ìfun méjèèjì ti pàdé, nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, ni ẹ̀ka ìfun kúkúrú kan tí ìdí rẹ̀ dí, tó ń jẹ́ apẹ́ńdíìsì, wà. Ìrora rẹ̀ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láyìíká ìdodo, kó tó sọ̀kalẹ̀ sápá ọ̀tún yẹn láàárín ọjọ́ kan, pẹ̀lú èébì àti àìfẹ́ jẹun. Ẹ má fún ẹni tó bá ń ṣe ní àgbo jẹ̀dí, ẹ má sì fún un ní oògùn tó ń múni yàgbẹ́: apẹ́ńdíìsì náà lè bẹ́, kí ọyún sì tú sínú ikùn. Kó má jẹ, kó má mu, kó tó dé ilé ìwòsàn, torí wọ́n lè fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún un lọ́jọ́ náà.