Omi Ṣúgà Olóòórùn fún Ìgbà Ọyẹ́

Ìgbà ìwọ́wé ti dé ní Kánádà, àbúrò mi obìnrin kò sì jẹ́ ká sinmi lórí WhatsApp. Bó ṣe ń fi àwòrán ewé pupa ránṣẹ́ ló ń fi ti ife kọfí tí ìfófòó bò lójú ránṣẹ́. Ó ní omi ṣúgà kan báyìí tó ń ta sánsán ni wọ́n ń dà sínú kọfí náà, pé bí òun bá ṣẹ́ owó ìgò rẹ̀ kékeré sí náírà, Màámi á pariwo. Ó wá ń ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò náà fún mi: sínámọ́nù, atalẹ̀, kànáfùrù, nọ́tímẹ́gì. Mo ní, "Ìwọ, ṣé kì í ṣe igbá lékulẹ́ja lò ń kà yẹn?"

Orúkọ elégédé ni wọ́n fi ń pè é lọ́hùn-ún, "pumpkin spice", bẹ́ẹ̀ kò sí elégédé nínú èròjà náà rárá. Ohun tí wọ́n máa ń bù sí páì elégédé ni. Ilé-iṣẹ́ McCormick ti pò ó pọ̀, tí wọ́n ń tà á nínú agolo ní Amẹ́ríkà láti 1934, ṣùgbọ́n kọfí tí Starbucks gbé jáde ní 2003 ló sọ ọ́ di ohun tí wọ́n ń fojú sọ́nà fún lọ́dọọdún. Ó di 2015 kí Starbucks tó fi elégédé gidi sí tiwọn. Níbí, ewé elégédé là ń jẹ ní tiwa, gbọ̀rọ̀ tí a bá rẹ́ sínú ẹ̀gúsí. Ẹ̀yin ẹ ẹ wo nǹkan, wọ́n gba èso, a gba ewé, kò sí ìjà.

Oṣù Kẹsàn-án sí Oṣù Kọkànlá ni wọ́n ń mu tiwọn. Nígbà yẹn òjò ṣì ń rọ̀ ní Abẹ́òkúta, ooru sì tún ń mú láàárín òjò kan sí èkejì, ta ló fẹ́ mu ohun gbígbóná? Ọyẹ́ ló bá omi ṣúgà yìí mu níbí, láti ìparí Oṣù Kọkànlá títí wọ Oṣù Kejì, tí ètè ń là, tí eruku ń bo Òkè Olúmọ lójú, tí ọ̀fun gbogbo èèyàn ń yún. Ìgbà yẹn náà ni igi fúrúùtù iwájú ilé wa máa ń pọ́n ewé, tí á sì máa jù ú sílẹ̀. Ẹni tó bá ní ewé kì í wọ́ nílẹ̀ Yorùbá, kò tíì gbálẹ̀ abẹ́ igi fúrúùtù rí nínú ọyẹ́.

Àdìrẹ lọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ mọ́ ọjà Ìtòkú, ṣùgbọ́n àwọn lékulẹ́ja tí ń ta egbò àti èèpo igi wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà kan láàárín wọn ni mo sì ti ń ra nǹkan mi. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo ní mo fẹ́ kànáfùrù díẹ̀, èèrù díẹ̀, ataare orí kan, àti atalẹ̀ tútù.

"Àgbo jẹ̀díjẹ̀dí lo fẹ́ sè ni, ìyàwó?"

Mo ní rárá, mà, ṣúgà ni mo fẹ́ sè wọ́n mọ́.

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Ṣé ohun tí à ń fi wo jẹ̀díjẹ̀dí lo fẹ́ sè mọ́ ohun tó ń fà á?"

Obìnrin tó ń ta ewé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí gèlè rẹ̀ fi tú. Kí ni mo lè sọ? Mo sanwó, mo gba ènì, mo bá tèmi lọ.

Sínámọ́nù kì í sábà sí lọ́dọ̀ wọn; ní Kútọ̀, lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta èròjà kéèkì, ni mo ti ń rí i, pẹ̀lú nọ́tímẹ́gì tí a máa ń rin sí chin-chin. Ẹ ra èyí tó jẹ́ èèpo igi, tó ká bíríkítí, ẹ má ra èyí tí wọ́n ti lọ̀. Lílọ̀ dára fún kéèkì, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bù ú sínú omi ṣúgà, á máa yọ̀ bí ewédú, kò sì sí asẹ́ tó lè gbà yín lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù lọ́jà wa ni cassia, tí èèpo rẹ̀ nípọn, tó sì le. Èyí tó ń ti Sri Lanka wá fẹ́lẹ́, ó wà ní ìpele ìpele, òórùn rẹ̀ sì rọ̀ díẹ̀. Ti cassia ni mo ń lò nítorí ó ń ta dáadáa, ṣùgbọ́n coumarin wà nínú rẹ̀, tí kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹ̀dọ̀ bí èèyàn bá ń mu ún ní àmujù lójoojúmọ́. Igi méjì tó gùn tó ìka ti tó fún ìkòkò kan.

Atalẹ̀ tútù ni mo fẹ́ràn ju gbígbẹ lọ. Gúúsù Kàdúná ni ọ̀pọ̀ atalẹ̀ wa ti ń wá, agbègbè Kàfáńṣàn. Ẹ ó rántí pé ní 2023 àrùn kan jà lóko wọn, tí atalẹ̀ sì gbówó lórí débi pé àwọn tó ń ta zobo ládùúgbò wa bẹ̀rẹ̀ sí í fi òórùn rẹ̀ ṣeré lásán. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ má wulẹ̀ bó o, ẹ gé e wẹ́wẹ́. Èyí tó tóbi tó àtàǹpàkò ọkùnrin ló yẹ. Màámi ní kò tó, ṣùgbọ́n Màámi ń jẹ atalẹ̀ lásán.

Kànáfùrù ló yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún. Ẹyọ mẹ́fà péré. Eugenol inú rẹ̀ ló ń jẹ́ kí ẹnu kú tipiri, tí kò ní mọ ìrora, òun ni àwọn dókítà eléyín ń lò, òun náà ló jẹ́ kí àwọn àgbà máa fi kànáfùrù há eyín tó bá ń ro wọ́n. Ìgò tí wọ́n ń tà nínú sùpámákẹ́ẹ̀tì kan tí mo tọ́ wò, kànáfùrù ló bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀; lẹ́yìn ṣíbí kan, ahọ́n mi ò mọ̀ bóyá kọfí ni mò ń mu tàbí omi lásán.

Èèrù àti ataare kò sí nínú ohun tí àbúrò mi kà lára ìgò. Èmi ni mo fi wọ́n kún un, mi ò sì ní yọ wọ́n nítorí ẹnikẹ́ni. Sínámọ́nù dùn, ṣùgbọ́n dídùn nìkan ni, ó máa ń sú èèyàn lẹ́nu. Èèrù ní òórùn èéfín lára, ó sì korò díẹ̀, ìyẹn ni kì í jẹ́ kí ṣúgà di ọba. Ẹyọ kan ni, mo máa ń là á, mo sì máa ń da kóró inú rẹ̀ nù nítorí kóró yẹn korò jù. Ataare, kóró mẹ́rin, kí ẹ fọ́ ọ díẹ̀. Ata rẹ̀ kì í dé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ ó ti gbé e mì kó tó wá kí yín lọ́fun.

Ní ti ṣúgà, funfun tó wà nílé náà dára. Ṣùgbọ́n bí mo bá ráyè dé Sábó, mo máa ń ra mazarkwaila lọ́wọ́ àwọn Hausa, omi ìrèké tí wọ́n sè títí ó fi dì gbagidi. Àwọ̀ rẹ̀ dúdú, adùn rẹ̀ sì jinlẹ̀. Ìdá mẹ́ta ṣúgà funfun, ìdá kan mazarkwaila tí mo ti gún, ìyẹn ló tẹ́ mi lọ́rùn. Bí mazarkwaila bá pọ̀ jù, òun nìkan lẹ ó máa gbọ́ lẹ́nu.

Bí mo ṣe ń sè é nìyí. Mo á kọ́kọ́ yan sínámọ́nù, kànáfùrù, èèrù àti ataare nínú ìkòkò gbígbẹ lórí iná kékeré títí òórùn wọn á fi dé pálọ̀. Iná kékeré ni mo wí o, bí wọ́n bá jó, ó ti parí. Mo á wá da omi ife kan ààbọ̀ sí i, mo á kó atalẹ̀ sí i, mo á dé e, mo á jẹ́ kó máa hó wọ́ọ́rọ́wọ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Omi á ti fà; mo á wọ̀n ọ́n, kó kù ife kan. Bó bá dín, mo á fi omi kún un. Nígbà náà ni ṣúgà á wọ inú rẹ̀, ife méjì. Mo á rò ó títí yóò fi yọ́, lẹ́yìn náà mi ò ní fọwọ́ kàn án mọ́. Kó ṣáà hó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí n pa iná.

Rírò lẹ́yìn tí ṣúgà bá ti yọ́ tán wà lára ohun tó ń jẹ́ kó padà di kóró kóró nínú ìgò. Ohun tó ń dènà ìyẹn ni omi ọsàn wẹ́wẹ́, ṣíbí tíì kan, tí mo máa ń dà sí i pẹ̀lú ṣúgà. Kíkan rẹ̀ ń tú díẹ̀ lára ṣúgà sí oríṣi méjì, glucose àti fructose, bí àwọn wọ̀nyẹn bá sì wà láàárín, kì í rọrùn fún ṣúgà láti dì. Ẹ kò ní mọ̀ ọ́n lẹ́nu. Iná ti kú báyìí, ẹ rin nọ́tímẹ́gì sí i, ìdá kan nínú mẹ́rin ẹyọ kan, nítorí òórùn rẹ̀ máa ń bá ooru lọ bó bá tètè wọlé jù. Ẹ dé e pa fún ààbọ̀ wákàtí, kí ẹ fi aṣọ funfun mímọ́ sẹ́ ẹ sínú ìgò tí ẹ ti fi omi gbígbóná ṣan.

Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé kí ló dé tí ṣúgà fi jẹ́ ìlọ́po méjì omi. Ìwé àwọn òyìnbó pọ̀ tó ní kí wọ́n dọ́gba. Iná wọn kì í lọ ni. Bí ṣúgà bá pọ̀, á di omi mú tí èébu kò ní rí èyí tó máa mu, á sì pẹ́. Èyí tí wọ́n dọ́gba yẹn, bí fìríìjì bá gbóná fún ọjọ́ mélòó kan, ó lè bu. Èyí tó nípọn, oṣù kan kò le fún un nínú fìríìjì, bí ẹ kò bá ti ki ṣíbí tó ní omi lára bọ̀ ọ́. Bí ẹ bá rí èébu lójú rẹ̀, ẹ má bù ú kúrò kí ẹ mu ìyókù. Ẹ da gbogbo rẹ̀ nù.

Kọfí kì í ṣe ohun tí à ń mu nílé wa. Inú ògì gbígbóná ni mo ti fẹ́ràn rẹ̀ jù, ògì pupa pàápàá, ṣíbí méjì, pẹ̀lú àkàrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú epo. Ó dára nínú tíì láìsí mílíìkì. Ọkọ mi ń dà á sínú zobo, ó ní kò tún sí ìdí fún fílévọ̀ tí wọ́n ń rà nínú sáṣẹ́ẹ̀tì, mo sì gbà pẹ̀lú rẹ̀, èyí tí kì í ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́. Àwọn ọmọ ní mọ́sà ló yẹ kí á máa fi rẹ́ lára. Fúrá tí wọ́n ń tà ní Sábó kò bá a mu rárá, ẹ má dán an wò, kíkan wàrà àti èèrù kì í gbé pọ̀.

Ẹni tó bá ní àtọ̀gbẹ, kò wà fún un, ì báà jẹ́ mazarkwaila ni ẹ lò, ṣúgà ni ṣúgà ń jẹ́. Ti Màámi, mo máa ń bu omi èròjà náà sọ́tọ̀ kí n tó da ṣúgà sí i, ó sì máa ń mu ún bẹ́ẹ̀, ó máa ń ní tòun ló dùn jù.

Àwọn igi àti atalẹ̀ tó kù nínú aṣọ, ẹ má tíì dà wọ́n nù. Ẹ tún omi dà lé wọn, ẹ gbé e kaná lálẹ́ ọjọ́ náà, á ṣe tíì fún èèyàn méjì. Lẹ́yìn ìyẹn wọn ò ní òórùn mọ́, kí adìyẹ máa tú wọn kiri lẹ́yìnkùlé.