Ìbọn Bàbá mi

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú tó kọjá, bàbá aládùúgbò wa kan ní Mọ́kọ́lá ní kí ìjọba kúkú gba gbogbo ìbọn tó wà lọ́wọ́ ará ìlú, pé ìgbà yẹn la ó tó rí oorun sùn. Wọ́n jù mí lọ dáadáa. Mo ní, "Ẹ ṣé, sà," mo bá tèmi lọ. Ṣùgbọ́n inú mi ò gbà á.

Ọmọ ọdẹ ni mí. Lẹ́yìn Ìdó, lójú ọ̀nà Erúwà, ni oko bàbá mi wà. Ìbọn ẹlẹ́nu méjì ni wọ́n ní. Ìwé àṣẹ rẹ̀ wà nínú agolo bisikíìtì kan náà tí ìwé ilẹ̀ wà. Ìbọn yẹn kì í wọlé tòun tọta. Ẹnu ọ̀nà ni Bàbá ti máa yọ ọ́, kí wọ́n tó bọ́ bàtà pàápàá, wọn a wá gbé ìbọn kọ́ sókè réré. Èmi nìkan ni wọ́n máa ń jẹ́ kó fi epo nù ún, èmi obìnrin! Àwọn àbúrò mi ọkùnrin a máa fajú ro. Ọ̀yà tí ìbọn yẹn pa, tí ìyá mi tà fún àwọn olóúnjẹ ní Ẹlẹ́yẹlé, ló san owó ilé ìwé mi.

Láti 1959 ni òfin ìbọn tí à ń lò ti wà ní Nàìjíríà. Irú ìbọn Bàbá, ọlọ́pàá ló ń fúnni níwèé rẹ̀. Ìbọn ìléwọ́ àti ràífù ológun, àfi Ààrẹ. AK-47 tí àwọn ajínigbé ń gbé kiri ńkọ́? Ta ló rí ọ̀kan nínú wọn tó tò síwájú káńtà ọlọ́pàá pẹ̀lú fọ́tò pásípọ́ọ̀tù lọ́wọ́? Bí wọ́n bá ní ká kó ìbọn sílẹ̀ lónìí, ilé ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ni wọ́n máa kọ́kọ́ kàn.

Nígbà tí àwọn agbébọn ya wọ Ìgàngàn ní Ìbàràpá lóṣù kẹfà 2021, tí wọ́n dáná sun ààfin, àwọn ọdẹ abúlé wa pín òru ṣọ́ láàárín ara wọn. Kò sẹ́ni tó sanwó fún wọn. Àmọ̀tẹ́kùn tí wọ́n ṣí n'Íbàdàn níbí lóṣù kìíní 2020, ṣebí àwọn ọdẹ wà nínú wọn?

Mi ò ní purọ́ o. Níbi ìṣípà ọdẹ kan, ìyẹn ètò ìdágbére fún ọdẹ tó kú, ọdẹ kan tó ti mu yó yìnbọn, ó fa kánópì ya lórí àbúrò ìyá mi. Ẹgbẹ́ ọdẹ gba ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ gan-an ni kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n sì máa yẹ ọtí àti ọpọlọ èèyàn wò kí wọ́n tó fún un níwèé. Mo fara mọ́ ìyẹn tọwọ́tẹsẹ̀.

Bàbá kú ní 2023. Àwa fúnra wa la gbé ìbọn náà lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, bí àwọn ọlọ́pàá ṣe wí. Àbúrò mi tó gba oko ti kọ̀wé fún àṣẹ tirẹ̀. "Ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀" ló ń gbọ́ látìgbà náà. Àgbàdo ti gbó báyìí, ó ń sùn lóko tòun ti àdá àti tọ́ọ̀ṣì. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni mo máa ń pè é. Tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò ní gbé e mọ́.