Irin tó nà kó tó já

Ẹ̀yin èèyàn mi, ariwo yẹn ṣì wà létí mi. Lónìí ní láàbù, a ki irin róòdù mílímítà 12 bọ ẹnu ẹ̀rọ tó ń fa irin. Bó ṣe ń fà á, èépá dúdú ara rẹ̀ ń ṣí wẹ́wẹ́ bọ́ sílẹ̀: irin náà ti kọjá ibi tó ti lè padà sí gígùn rẹ̀ àtijọ́ nìyẹn. Ó ń nà, ó ń nà, ojú kan tín-ín-rín lára rẹ̀, ó wá já. Gbàà! Mo fọwọ́ kan ojú ibi tó ti já, ó gbóná.

Cast iron ló kàn, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe bílọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnnì. Kò nà rárá, ó ṣẹ́ lójijì bí àwo tánganran.

Nínà tí róòdù nà yẹn ni mo fẹ́ràn. Irin ilé tó ń nà kó tó já máa ń fún ará ilé láyè láti rí i pé òpó ń sán, kí wọ́n sì sá jáde. Róòdù 12 tó bá jẹ́ ojúlówó B500 (orúkọ ìpele agbára irin ìkọ́lé kan) gbọ́dọ̀ gba ìwúwo tó ju tọ́ọ̀nù 5 lọ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í nà gbéré. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́lé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gé díẹ̀ lára irin yín lọ fún àyẹ̀wò kẹ́ ẹ tó da dẹ́kìn.