Omi Ló Gbé Wúrà Dé Ìperindó

Ní àárọ̀ Sátidé kan ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi, tí wọ́n kọ́ ìmọ̀ ilẹ̀ àti àpáta ní yunifásítì, gbéra láti Ìbàdàn, a gba Ifẹ̀ kọjá sí Iléṣà, a sì forí lé Ìperindó, níbi tí ibi ìwakùsà Segilola ti mú wúrà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 2021. A kò wọ inú ọgbà náà. Etí odò kékeré kan nínú oko kòkó la lọ.

Èrò mi tẹ́lẹ̀ ni pé ibi tí Ọlọ́run fi wúrà sí láti ìṣẹ̀dálẹ̀ ló ṣì wà. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kò síbi tí wúrà kò sí nínú ilẹ̀, ṣùgbọ́n nínú tọ́ọ̀nù àpáta lásán kan, kò ju nǹkan bíi 0.004 gíráàmù lọ. Kí ó tó di ohun tí ènìyàn lè wà jẹun, nǹkan kan gbọ́dọ̀ ti kó o jọ ní ìlọ́po bí ẹgbẹ̀rún.

“Omi ni, àbúrò mi.”

Wọ́n ṣa òkúta kan tó tó ìkúùkù, funfun bí iyọ̀, tí ìlà pupa bí irin tó dógùn-ún gba inú rẹ̀ kọjá. Wọ́n ní kúọ́tìsì ni. Ní nǹkan bíi 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, nígbà tí àwọn ilẹ̀ ńlá forí gbárí, ilẹ̀ là gbọọrọ gba agbègbè Ifẹ̀wàrà àti Iléṣà, omi tí ìgbóná rẹ̀ tó nǹkan bíi 300 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tí ìwúwo àpáta orí rẹ̀ kò sì jẹ́ kó hó, ń gba ojú ibẹ̀ gòkè. Imí-ọjọ́ inú omi náà ló di wúrà mú tó fi yòrò. Bí ilẹ̀ bá mì tí ojú ibẹ̀ ṣí lójijì, agbára tó fún omi náà mọ́ra á dẹ̀, wúrà kò ní lè yòrò mọ́, á sì dì mọ́ ara àpáta pẹ̀lú kúọ́tìsì. Ojú ibẹ̀ á dí, ilẹ̀ á tún mì, á tún là, bí egbò tí kò rójú jinná. Mo rántí àwọn òṣómàáló, tí wọ́n ń lóṣòó de owó aṣọ ní ìlú onílùú nígbà tí èyí wà lábẹ́ ilẹ̀ wọn.

Mo rí ohun kan tó ń dán nínú ìlà pupa náà, mo sì pariwo. Ẹ̀gbọ́n mi fi òòlù lù ú, ó fọ́ wẹ́wẹ́. Páírítì ni, irin àti imí-ọjọ́ lásán. Wúrà kì í fọ́, ṣe ló máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ. Ojú tì mí díẹ̀.

Bàbá kan ń fọ yanrìn nínú odò.

“Ẹ kú iṣẹ́, bàbá.”

“Òo, ẹ káàbọ̀ o.”

Òjò àti oòrùn ló ń fọ́ òkúta orí òkè, tí àgbàrá fi ń wọ́ wúrà wá sódò. Nítorí pé ó wúwo tó ìlọ́po méje yanrìn funfun tí wọ́n jọ tóbi bákan náà, ẹ̀yìn òkúta àti kòtò ìsàlẹ̀ odò ló máa ń rì sí. Bàbá yí abọ́ wọn po títí ó fi ku yanrìn dúdú, àti hóró mẹ́ta tí kò tó orí abẹ́rẹ́. Wọ́n fi ìka tútù tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì gbọ̀n wọ́n sínú ìgò oògùn kékeré kan.