Ìwé kékeré tó wà létí pápá
Lánàá, ní pápá kan níhìn-ín ní Àkúrẹ́, mo rí ọmọkùnrin kan tó jókòó sórí kéèsì mínírà, ìwé lórí itan rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá bọ́ lẹ́sẹ̀ ẹgbẹ́ àdúgbò wa, á fa ìlà kan. Ìlà karùn-ún á dábùú mẹ́rin.

Nígbà tí wọ́n sinmi, ó ní, “Kóòṣì, ẹ wò ó.” Apá ọ̀tún, ìlà 6. Apá òsì, 19! Kíá ni kóòṣì pààrọ̀ ẹni tó ń ṣọ́ apá òsì.

Brentford, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan ní England, náà lo ìṣirò kí wọ́n tó wọ Premier League ní 2021, àmọ́ àwọn lówó kọ̀ǹpútà. Báírò ni tiwa. Orí mi wú gan-an.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ẹ ti rí irú èyí ládùúgbò yín?