Ẹ Bá Mi Dúpẹ́, Ojú Ọmọ Mi Là

Ẹ̀yin ará, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ẹ̀yin tí ẹ bá wa gbààwẹ̀ láìmọ̀ wá rí, mo wá jẹ́rìí. Ọlọ́run tí mò ń sìn kò jẹ́ kí ojú tì mí. Ojú ọ̀tún ọmọ mi tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ fẹ́ kú, ó ti ń ríran. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, dókítà ní kó bo tòsì, kó ka lẹ́tà ara ògiri. Ó kà á láti òkè, ó ń bọ̀ nísàlẹ̀, ó kà á dé ibi tí lẹ́tà ti rí wínníwínní. Mo bú sẹ́kún nínú yàrá náà, n kò lè pa á mọ́ra. Halelúyà!

Ẹ̀rí mi kò ní pé, bí n kò bá dárúkọ ẹni tí Ọlọ́run fi ìtàn ayé rẹ̀ la ọ̀nà fún wa. Bàbá Willie O'Ree ni. Họ́kì orí yìnyín ni iṣẹ́ tí wọ́n fi ìgbà èwe wọn ṣe, àwọn sì ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gbá a nínú NHL, líìgì tó ga jù ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. N kò pàdé wọn rí. Ṣùgbọ́n bí kì í bá ṣe ìtàn wọn, ọmọ mi ì bá dákẹ́ títí ẹ̀pa kò fi ní bóró mọ́.

Massachusetts là ń gbé. Àbíkẹ́yìn mi ló kó họ́kì wọlé wá bá wa. Bàbá rẹ̀ ra bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ fún un, kò bojú wò ó, yìnyín ló ń wù ú. A ra bàtà onírin, a ra akoto, a ra ohun tí wọ́n ń dè mọ́ àyà àti eékún. Owó náà ga. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí bí ara rẹ̀ ṣe ń yá gágá tó bá ti gun orí yìnyín, mo ní kí Ọlọ́run máa ṣọ́ ọ.

Nínú pápá yìnyín, wọn kì í jẹ́ kí ọmọdé gbá họ́kì láìdé akoto tó ní irin níwájú ojú. Iwájú ilé la ti kàgbákò. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń fi bọ́ọ̀lù kékeré gbá a lórí ọ̀dà lẹ́yìn ilé-ìwé, kò sí akoto lórí ẹnikẹ́ni. Ọ̀kan nínú wọn fa igi tí wọ́n fi ń gbá họ́kì sẹ́yìn kó lè gbá a dáadáa, ṣóńṣó igi náà sì bá ọmọ mi lójú ọ̀tún. Ojú wú, ẹ̀jẹ̀ bo funfun ojú. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n fún un ní oògùn àkánsójú, wọ́n ní bí bó ṣe ń ríran bá yí padà, kó sọ kíá. Nígbà tó yá, wíwú náà wálẹ̀. Gbogbo ilé dúpẹ́, a rò pé ó ti tán.

Kò tíì tán. Awọ fẹ́lẹ́ kan wà lẹ́yìn inú ẹyinjú tí wọ́n ń pè ní rẹ́tínà, òun ló ń gba ìmọ́lẹ̀ tí ọpọlọ fi ń mọ ohun tí a ń wò. Bí ọgbẹ́ bá kan ojú, awọ yìí lè ya níbì kan. Omi inú ojú á wá máa gba ibi tó ya yẹn kọjá sẹ́yìn rẹ̀, á máa ṣí i kúrò níbi tó lẹ̀ mọ́, díẹ̀díẹ̀, kò sì ní dunni rárá. Àìdunni yẹn gan-an ló burú. Ọmọ mi ń rí ohun dúdú kéékèèké tó ń fò kiri lójú rẹ̀. Ó ń rí ìmọ́lẹ̀ tó ń kọ mànà nínú òkùnkùn. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí ó kù díẹ̀ kí wọ́n yan àwọn tí yóò gbá họ́kì fún ilé-ìwé wọn, ó sì mọ̀ pé bí òun bá lanu, àwa òbí òun á ní kóun jókòó sílé.

Ẹ wá wo ọ̀nà Ọlọ́run. Wọ́n parí ìdánrawò lọ́jọ́ kan, kóòṣì wọn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn Bàbá O'Ree fún wọn bí wọ́n ṣe ń bọ́ bàtà. Ó ní ní sáà 1955 sí 1956, nígbà tí wọ́n ń gbá fún ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ kan ní Kitchener, ní Kánádà, rọ́bà tí wọ́n ń gbá fò wá bá wọn lójú ọ̀tún. Rọ́bà yẹn kì í ṣe ohun eré, wọ́n máa ń dì í bíi yìnyín kó lè le gbagidi. Àwọn àgbábọ́ọ̀lù họ́kì ìgbà náà kì í sì í dé akoto. Imú wọn fọ́, egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ fọ́, nǹkan bí 95% agbára ojú náà sì lọ. Dókítà ní kí wọ́n má ṣe gbá họ́kì mọ́ láyé. Wọ́n padà sórí yìnyín. Wọn kò sọ fún ẹgbẹ́ kankan tí wọ́n gbá fún pé ojú kan ṣoṣo làwọn fi ń ríran.

Àwọn ọmọ yòókù pàtẹ́wọ́, wọ́n gbé báàgì wọn lọ. Tèmi dúró. Ó bi kóòṣì léèrè báwo ni ènìyàn ṣe lè fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ pamọ́ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Kóòṣì wò ó lójú, kò dá a lóhùn kíá. Lẹ́yìn náà ló ní dókítà ti yẹ ojú Bàbá O'Ree wò, ó ti sọ pé kò sí àtúnṣe, kí wọ́n tó pa á mọ́ra. Ó ní ohun tó ti bọ́ lọ́wọ́ ni wọ́n fi pamọ́, kì í ṣe ohun tó ṣì ṣeé gbà là. Ó wá bi í pé, "Ìwọ, ta ló ti wo tìẹ?"

Ọlọ́run, mo dúpẹ́ fún ẹnu kóòṣì yẹn.

Mò ń ro àmàlà lọ́wọ́ nígbà tí ọmọ náà wọlé lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó dúró ti ògiri. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ má bínú sí mi. Ó dà bíi pé ẹnì kan ń fa kọ́tìnnì bò mí lójú láti ẹ̀gbẹ́." Mo pa iná. Bàbá rẹ̀ kò tíì bọ́ aṣọ iṣẹ́, a gbé e sínú mọ́tò, ó di ilé ìwòsàn ní Boston. Àwọn dókítà kán nǹkan sí i lójú, wọ́n tan iná sí i, wọ́n pe ara wọn wá wò ó. Dókítà obìnrin kan jókòó tì mí, ó ṣàlàyé pé awọ náà ti ṣí, ó sì kù díẹ̀ kó ṣí dé àárín gbùngbùn, ibi tí ènìyàn fi ń kàwé tó sì fi ń mọ ojú ènìyàn. Ó ní bó bá dé ibẹ̀, bó ṣe máa là á di ọwọ́ Ọlọ́run. Ọ̀rọ̀ tí dókítà òyìnbó sọ nìyẹn o.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà, ó yọrí. Wọ́n fi ìmọ́lẹ̀ lésà lẹ ibi tó ya pa, wọ́n sì fi gáàsì sínú ojú náà kó máa ti awọ yẹn mọ́ ibi tó yẹ kó wà títí yóò fi lẹ̀. Nítorí pé gáàsì a máa lọ sókè, ọmọ náà gbọ́dọ̀ dojú bolẹ̀ kí gáàsì lè máa ti ẹ̀yìn ojú. Ó jẹun ní ìdojúbolẹ̀, ó sùn ní ìdojúbolẹ̀. Wọ́n so okùn aláwọ̀ ewé mọ́ ọn lọ́wọ́, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé gáàsì wà lójú rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ òfúrufú, torí pé gáàsì náà lè wú lókè kó ba ojú jẹ́. Bí ìrìn àjò Kérésì tí a fẹ́ rìn lọ sílé ṣe dáwọ́ dúró nìyẹn. Màmá mi ní Ìjẹ̀bú-Òde kò torí ẹ̀ bọkàn jẹ́. Ní òru, tí ilẹ̀ ti ń mọ́ lọ́dọ̀ tiwọn, wọ́n á pè, wọ́n á ní kí n gbé fóònù sílẹ̀ lẹ́bàá etí ọmọ náà, wọ́n á sì máa kì í, láti orí bàbá ńlá rẹ̀ wá dé orí tirẹ̀. Ó ń gbọ́, ojú rẹ̀ ń wo ilẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ìgbà yẹn ni mo mọ Bàbá O'Ree. Mo ń ka ìtàn wọn sókè fún un, mo sì ń gbé fóònù sórí ilẹ̀ fún un láti wo àwòrán wọn. 15 oṣù kẹwàá ọdún 1935 ni wọ́n bí wọn ní Fredericton, ní ìpínlẹ̀ New Brunswick. Ní 1956, lẹ́yìn tí ojú ti lọ, ẹgbẹ́ béèsìbọ́ọ̀lù Milwaukee Braves pè wọ́n sí ìdánwò ní Waycross, ní Georgia, níbi tí òfin ti ya dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára funfun. Wọn kò mú wọn. Ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì ni wọ́n jókòó sí nígbà tí wọ́n ń padà, bí bọ́ọ̀sì sì ṣe ń sún mọ́ Kánádà ni wọ́n ń sún síwájú, àga sí àga. Ọmọ mi ní kí n tún ibẹ̀ kà.

Ní 18 oṣù kìíní 1958, wọ́n wọ aṣọ ẹgbẹ́ họ́kì Boston Bruins ní Montreal, Boston sì na Montreal ní 3 sí 0. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbá ní NHL nìyẹn, òun ni gbogbo ayé máa ń sọ. Eré méjì péré ni wọ́n gbá ní sáà yẹn, wọ́n padà wá ní sáà 1960 sí 1961, wọ́n gbá 43 sí i. Gọ́ọ̀lù mẹ́rin ni wọ́n jẹ ní NHL, àkọ́kọ́ rẹ̀ sì bọ́ sí ọjọ́ ọdún tuntun 1961, ní Boston níbí. Èébú pọ̀ láti ẹnu àwọn òǹwòran. Ní Chicago, ẹnì kan bú wọn nítorí àwọ̀ wọn, ó fi ìdí igi gbá wọn lẹ́nu, eyín iwájú méjì jábọ́, imú fọ́. Ojú tí kò ríran, eyín tí kò sí, wọ́n tún padà sórí yìnyín.

Lójú tèmi o, kì í ṣe eré 45 yẹn ni mo fi ń dúpẹ́ lórí wọn jù. Ohun tó tẹ̀ lé e ni. Boston fi wọ́n sílẹ̀, wọ́n sì bọ́ sí California, líìgì tí kì í ṣe NHL, Los Angeles lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà San Diego. Ibẹ̀ ni wọ́n gbá họ́kì sí títí wọ́n fi lé ní ẹni ogójì ọdún. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n jẹ gọ́ọ̀lù 38 ní sáà kan, ní 1964 sí 1965 àti ní 1968 sí 1969. Pẹ̀lú ojú kan!

Ọmọ mi ló ṣàlàyé fún mi bí ó ṣe rí bẹ́ẹ̀, ní ìdojúbolẹ̀ níbi tó wà, ó ń fi ìka yàwòrán sórí kápẹ́ẹ̀tì. Apá òsì ni Bàbá O'Ree ń gbá tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá wà lápá òsì, ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ti máa ń gbá rọ́bà wá bá a, ojú ọ̀tún sì ni kò ríran. Wọ́n ní láti yí orí pátápátá kí wọ́n tó rí i, kí wọ́n sì tó yí i tán, ẹlòmíràn ti gbé e lọ tàbí ti kọlù wọ́n. Ní Los Angeles, kóòṣì gbé wọn lọ sí apá ọ̀tún. Ojú òsì wá kọjú sí gbogbo eré. "Mọ́mì, síbẹ̀ kò sọ fún wọn," ni ọmọ mi ń sọ, ó ń gbá ilẹ̀. Inú rẹ̀ dùn débi pé mo rán an létí kó má gbé orí sókè.

Nígbà tí họ́kì parí, wọ́n ṣe iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ní hòtẹ́ẹ̀lì kan lẹ́bàá San Diego. Ó di 1998 kí NHL tó wá wọn rí, kí wọ́n máa lọ bá àwọn ọmọdé sọ̀rọ̀ káàkiri. Ní 2018, orúkọ wọn wọ Hockey Hall of Fame ní Toronto, ilé tí wọ́n ti ń bọlá fún àwọn ọ̀gbóǹtarìgì họ́kì. Ní 18 oṣù kìíní 2022, ọdún 64 géérégé sí ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbá ní NHL, Boston gbé nọ́ḿbà 22 tí wọ́n wọ̀ sókè, kò sẹ́ni tí yóò tún wọ̀ ọ́ mọ́. Àrùn kòrónà kò jẹ́ kí wọ́n lè wá, láti San Diego ni wọ́n ti ń wò ó.

Gáàsì inú ojú ọmọ mi ń dín kù. Ó ní òun ń rí ìlà kan, lókè ìlà náà ó mọ́ kedere, lábẹ́ rẹ̀ ó ń mì, ìlà náà sì ń sọ̀kalẹ̀ lójoojúmọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ó pariwo láti yàrá pé kò sí ìlà mọ́. Mo sáré wọlé, bàbá rẹ̀ sáré wọlé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi abọ́ oúnjẹ sílẹ̀. A jó lórí kápẹ́ẹ̀tì yẹn. Nígbà tí dókítà gé okùn ọwọ́ rẹ̀, bàbá rẹ̀ mú wa lọ wo eré Bruins. Ọmọ náà fi ọwọ́ bo ojú òsì, ó gbójú sókè sí àwọn àsíá tó wà lájà, ó ní, "22. O'Ree."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì tí kò sùn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Pásítọ̀ wa àti màmá wọn, tí wọ́n gbé ìrẹsì wá títí kò sáyè mọ́ nínú fíríìjì. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ tí igi rẹ̀ bá tèmi lójú, tó ń wá jókòó tì í lójoojúmọ́. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kó máa dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá Willie O'Ree. Dókítà kò tíì ní kó padà sórí yìnyín, a ó máa ṣe bí wọ́n bá ṣe wí, a sì ti ra gíláàsì tí kì í fọ́ fún un.

Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù tó ń bọ̀ la ó ṣe ìdúpẹ́, lẹ́yìn ìsìn àárọ̀. Funfun la ó wọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà nítòsí, ẹ wá bá wa jó, oúnjẹ á wà. Ẹ̀yin tí ẹ jìnnà, ẹ bá wa kọ orin níbi tí ẹ bá wà. Màmá mi ní àwọn náà á se ìkọ́kọrẹ́ fún gbogbo àdúgbò ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ́jọ́ yẹn, ẹni tó bá ń kọjá kó yà.